Àwòrán Tí A Ń Fi Pamọ́ Léraléra: Ìtàn Ìlànà JPEG àti Ewu Rẹ̀ fún Àmì inú Ìwé Yorùbá Àtijọ́

Ìwé The History of the Yorubas tí a ń kà lónìí kì í ṣe èyí tí Samuel Johnson fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ parí. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. A fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbọ́ ohunkóhun nípa rẹ̀ mọ́. Johnson kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ni ó tún ìwé náà kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ àti àkọránpẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní 1916 a fi ìwé tuntun yìí sínú ọkọ̀ ojú omi Appam. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì pẹ́ kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Ó jáde ní 1921.

Ìyàtọ̀ kan wà nínú ìtàn yìí tí a kì í sábà wò. Ìrìn àjò Appam pẹ́, ó sì léwu, ṣùgbọ́n kò yí lẹ́tà kan padà nínú ìwé náà. Àtúnkọ Obadiah ni ó yí ìwé padà: ohun tó bá nínú àkọsílẹ̀ ni ó rí gbé wọlé, èyí tí kò sí níbẹ̀ ṣègbé, a kò sì ní ọ̀nà kankan tí a fi lè mọ bí ohun tó ṣègbé ti pọ̀ tó. Gbígbé nǹkan láti ibì kan dé ibòmíràn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú títún nǹkan kọ. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ tí àròkọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò, èyíinì ni bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà ṣe ń sọ ojúlówó rẹ̀ nù nígbà tí a bá ń fi í pamọ́ léraléra sínú irú fáìlì tí a ń pè ní JPEG, àti ohun tí èyí lè ṣe sí àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ tó jẹ́ pé àwòrán wọn nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí kà.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò sí ẹ̀dà tí kì í jẹ díẹ̀ lára ohun tí a fi ṣe é. Ẹni tó bá ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì ewì tàbí ti àpàlà tí a gbà sílẹ̀ láti ara kásẹ́ẹ̀tì mìíràn, tí òun náà jẹ́ ẹ̀dà ẹ̀dà, mọ bí ariwo ṣe ń ga tí ohùn ọlọ́rọ̀ sì ń rì. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tòkọ́pì àpilẹ̀kọ oyè tó ti gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kọjá: lẹ́tà rẹ̀ sanra, àwòrán inú rẹ̀ sì di dúdú biribiri. Fáìlì inú kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Nọ́ḿbà lásán ni, bí a bá sì da nọ́ḿbà kọ dáadáa, ẹ̀dà ẹlẹ́ẹ̀kẹgbẹ̀rún kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ìgbàgbọ́ àwọn kan pé ṣíṣí fáìlì JPEG àti wíwò ó ń jẹ ẹ́ run kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, ẹ fi í ránṣẹ́ bó ti wà, ẹ gbé e sínú díìsìkì mìíràn: ìrìn àjò Appam ni gbogbo ìyẹn. Ìgbà tí ètò kọ̀ǹpútà kan bá tú fáìlì náà sí àwòrán, tó sì tún àwòrán ọ̀hún kọ bí JPEG tuntun, ni ọ̀rọ̀ di ti Obadiah.

Kí a tó lè mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni fi fẹ́ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, a ní láti padà sí ìgbà tí àyè ìpamọ́ fi wọ́n bí ojú. Àwòrán aláwọ̀ kan tó fẹ̀ ní píkísẹ́lì 640, tó ga ní 480, tí píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 3, jẹ́ báìtì 921,600. Díìsìkì flọ́pì tó wọ́pọ̀ nígbà náà kò lè gba irú rẹ̀ méjì. Mọ́dẹ́ẹ̀mù tó ń sáré ní bíìtì 14,400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò lo ju ìṣẹ́jú 8 lọ kó tó gbé ẹyọ kan ṣoṣo gba orí wáyà tẹlifóònù. Ohun tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń wá ni ọ̀nà tí a fi lè fún àwòrán pọ̀ kí ó kéré gan-an, kódà bí ó bá gba pé kí a sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ nù, bí ojú kò bá ṣáà ti mọ̀.

Nasir Ahmed, ọmọ ìlú Bangalore ní Íńdíà, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kansas, ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀nà ìṣirò tí ìlànà JPEG dá lé. Ní 1972 ó kọ̀wé béèrè owó ìwádìí lọ́wọ́ National Science Foundation ti Amẹ́ríkà. Wọn kò fún un. Ahmed fúnra rẹ̀ ròyìn lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ ìwé ìbéèrè náà wò ka èrò ọ̀hún sí ohun tó rọrùn jù. (Ẹni tó bá ti béèrè owó ìwádìí rí mọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀.) Kò fi í sílẹ̀. Òun, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ T. Natarajan, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ K. R. Rao ti Yunifásítì Texas ní Arlington ni wọ́n jọ parí rẹ̀, àròkọ wọn sì jáde nínú IEEE Transactions on Computers ní oṣù Kìíní 1974, lábẹ́ àkọlé Discrete Cosine Transform. Kò ju ojú ewé 4 lọ. Ọdún 1974 yìí kan náà ni a fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní fún èdè Yorùbá ní Nàìjíríà. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ kan kò mọ̀ nípa èkejì rárá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí iṣẹ́ méjèèjì yóò pàdé lórí ojú ewé kan náà.

Ní 1986 ni àjọ ISO àti àjọ CCITT, tó ń rí sí ìlànà ìbánisọ̀rọ̀ tẹlifóònù lágbàáyé, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí a mọ̀ sí Joint Photographic Experts Group. Láti inú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ yìí ni JPEG ti wá. Ọ̀nà 12 ni a gbé wá síwájú ìgbìmọ̀. Ní oṣù Kẹfà 1987 wọ́n fi àwòrán han àwọn òǹwòran láì sọ ọ̀nà tí ó mú èyíkéyìí jáde, ọ̀nà 12 sì di 3. Ní oṣù Kìíní 1988 wọ́n tún ìdánwò náà ṣe, èyí tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀nà tó dá lórí ìṣirò Ahmed sì borí. A fọwọ́ sí ìlànà náà ní oṣù Kẹsàn-án 1992. Gregory Wallace, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìgbìmọ̀ náà, kọ ọ́ ní 1991 pé àwòrán tí a bá fún dé bíìtì 1.5 sí 2 fún píkísẹ́lì kan kì í sábà ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára ojúlówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bíìtì 24 ni ojúlówó ń gbà.

Ó yẹ kí a dúró níbí díẹ̀. Ohun tí ìgbìmọ̀ yìí wọ̀n ni ìtẹ́lọ́rùn ojú ènìyàn tó ń wo fọ́tò. Àkọlé ìlànà náà gan-an sọ pé àwòrán tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni òun wà fún: awọ ojú ènìyàn, òfuurufú, ewé, ògiri. Àwòrán ojú ewé tó kún fún lẹ́tà dúdú lórí pépà funfun ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, JBIG, tí ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1993. Nítorí náà, èmi kò rò pé ó tọ́ láti dá àwọn onímọ̀ JPEG lẹ́bi fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìwé wa. Wọ́n rọ ọ̀bẹ kan fún iṣẹ́ kan. Àwa ni a mú un lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn, nítorí òun ni ó wà nínú kámẹ́rà, nínú fóònù àti nínú sikánà tí ọwọ́ wa tó.

Bí ọ̀bẹ náà ṣe ń gé nìyí. Ètò kọ̀ǹpútà pín àwòrán sí àpótí kéékèèké, píkísẹ́lì 8 ní ìbú, 8 ní òró. Píkísẹ́lì 64 inú àpótí kọ̀ọ̀kan di nọ́ḿbà 64 mìíràn nípa ìṣirò Ahmed. Èyí àkọ́kọ́ ń sọ bí àpótí náà ṣe mọ́lẹ̀ tó lápapọ̀; àwọn tó tẹ̀ lé e ń sọ ìyípadà tó ń lọ díẹ̀díẹ̀; àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá ń sọ ìyípadà òjijì, irú èyí tó wà ní etí lẹ́tà tàbí lára àmì kékeré. Títí dé ibí yìí, a kò tíì sọ nǹkan pàtàkì kan nù. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni àdánù ń gbà wọlé: a ó fi nọ́ḿbà kan láti inú àtẹ pín ìkọ̀ọ̀kan nínú nọ́ḿbà 64 náà, a ó sì mú èsì rẹ̀ lọ sí odidi tó súnmọ́ ọn jù.

Ẹni tó mọ bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ kò ní pẹ́ kó tó lóye èyí. Okùn kan jẹ́ ogójì, òkẹ́ kan jẹ́ ọ̀kẹ́ kan ẹyọ, èyíinì ni 20,000. Bí akọ̀wé kan bá ń kọ gbèsè sílẹ̀ ní okùn okùn, díẹ̀ ni yóò ṣì. Bí ó bá ń kọ ọ́ ní òkẹ́ òkẹ́, ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún ẹyọ kò jẹ gbèsè kankan nínú ìwé rẹ̀. Nínú àtẹ tí ìlànà JPEG fi ṣe àpẹẹrẹ fún ìmọ́lẹ̀ àwòrán, 16 ni nọ́ḿbà igun àkọ́kọ́, 99 ni ti igun ìkẹyìn. Ìyípadà díẹ̀díẹ̀ ni a ń fi okùn kà, ìyípadà òjijì ni a ń fi òkẹ́ kà. Àpẹẹrẹ lásán ni ìlànà pe àtẹ yìí, kò sọ ọ́ di dandan. Ṣùgbọ́n àwọn Independent JPEG Group, tí Tom Lane ṣáájú wọn, gbé e sínú ètò ọ̀fẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1991, ètò yìí sì wọ inú àìlóǹkà ètò mìíràn. Nọ́ḿbà ìdára tí ètò náà ń béèrè, láti 1 dé 100, kàn ń fẹ àtẹ náà tàbí kó máa dín in kù ni: 50 ni àtẹ bó ti wà, 75 ni ìdajì rẹ̀. Kì í ṣe ìdá kankan nínú ọgọ́rùn-ún, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń kà á bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé nọ́ḿbà kan lọ. Ká ní 70 ni. A fi 16 pín in, ó di 4.375, a kọ 4 sílẹ̀. Nígbà tí a bá tún fáìlì náà ṣí, 4 ní ọ̀nà 16 fún wa ní 64. Bí a bá tún fi 16 kan náà fi í pamọ́, 64 ni yóò ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá fi 20 pín in, 64 di 3.2, ó di 3, ó padà di 60. Ẹni kẹta lo 26: 60 di 2.3, ó di 2, ó padà di 52. Bẹ́ẹ̀ bí ẹni kẹta yìí bá rí ojúlówó gbà, tó sì fi 26 rẹ̀ pín 70 tààrà, 3 ni ìbá kọ sílẹ̀, 78 ni ìbá sì padà rí. Àṣìṣe rẹ̀ ìbá jẹ́ 8. Ó di 18 nítorí ọwọ́ tí nọ́ḿbà náà ti gbà kọjá.

Ìṣirò kékeré yìí dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè. Kì í ṣe iye ìgbà tí a fi fáìlì pamọ́ nìkan ni ó ń ba a jẹ́. Fáìlì tí a fi ètò kan náà, pẹ̀lú nọ́ḿbà ìdára kan náà, fi pamọ́ lẹ́ẹ̀ogún láì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn yóò yí padà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà mọ́. Ohun tó ń pa á ni àyípadà láàárín ìfipamọ́ kan àti èkejì. Bí a bá gé etí àwòrán dànù, tí ohun tí a gé kò sì jẹ́ 8 ní ìlọ́po, àwọn àpótí tuntun kò ní bọ́ sórí ti àtijọ́. Bí a bá tò ó tọ́ díẹ̀, bí a bá dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, bí a bá mú un mọ́lẹ̀ sí i, bí a bá ya àwòrán ojú fóònù dípò kí a gba fáìlì gan-an, gbogbo nọ́ḿbà ni a óò tún kà lọ́tun. Àwọn ètò ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ orí fóònù sì máa ń dín fọ́tò kù fúnra wọn láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Èwo wá ni ti Yorùbá nínú èyí? Èdè wa gbé ẹrù ńlá lé àmì kékeré lórí. Láti ìgbà ìpàdé àkọtọ́ tí a ṣe ní Èkó ní 1875 ni àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìwé títẹ̀. Àmì ohùn kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Èyí já sí pé nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti lẹ́tà àtijọ́, àmì abẹ́ nìkan ni òǹkàwé ní láti dì mú. Bí ojú ewé kan bá sọ pé àwọn ará ìlú kan fi owo fún ọba, owó ni wọ́n san, ìyẹn sì lè jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọwọ ni a kọ, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fún un, ìtàn ìbáṣepọ̀ ìlú méjèèjì sì di òmíràn. Gbogbo ìyàtọ̀ náà kò ju kíún méjì lábẹ́ lẹ́tà méjì.

Ká ní kíún bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó 0.4 mìlímítà lórí pépà. Sikánà tó ń ka 300 nínú ínṣì kan yóò fún un ní nǹkan bíi píkísẹ́lì 5 ní fífẹ̀. Èyí tó ń ka 100 kò ní fún un ju bíi 2 lọ. Lóòótọ́, ìfipamọ́ kan ṣoṣo kì í sábà pa kíún tí yíǹkì rẹ̀ dúdú dáadáa lórí pépà funfun, nítorí ìyàtọ̀ dúdú àti funfun mú kí nọ́ḿbà rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n pépà àtijọ́ ti pọ́n, yíǹkì ti ṣá. Kíún tó ti ṣá ní nọ́ḿbà kékeré, inú àwọn nọ́ḿbà ìyípadà òjijì ni apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì wà, níbi tí a ti ń fi òkẹ́ ka owó. Ẹni tó jẹ ẹgbẹ̀rún ẹyọ nìyẹn.

Àdánù tilẹ̀ kọ́ ni ó léwu jù lójú tèmi. Bí a bá gé àwọn nọ́ḿbà ìyípadà òjijì kúrò, etí lẹ́tà kò kàn ní rọ̀ lásán. Èérí kéékèèké yóò hù yí i ká nínú àpótí rẹ̀, bí omi tó ń rú lẹ́yìn òkúta tí a jù sódò. Ìfipamọ́ lọ́nà mìíràn yóò ka èérí yìí sí ara àwòrán, yóò sì tọ́jú rẹ̀. Èérí tó bá bọ́ sí abẹ́ e lè jọ kíún, èyí tó bá bọ́ sórí rẹ̀ lè jọ àmì ohùn. Olóòtú tó ń da irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ kọ lè fi tọkàntọkàn kọ àmì tí òǹtẹ̀wé kò fi síbẹ̀ rí, kó sì wá kọ àlàyé lórí àkọtọ́ ìgbà náà lé e lórí.

Ti àwọ̀ le díẹ̀ ju èyí lọ, ó sì kan àwọn onímọ̀ iṣẹ́ ọnà wa. Ojú ènìyàn ń mọ ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ ju ìyàtọ̀ àwọ̀ lọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ ètò tó ń kọ JPEG máa ń jẹ́ kí píkísẹ́lì mẹ́rin pín àwọ̀ kan lò. Lára ojú ènìyàn, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lára aṣọ òkè tí ìlà pupa àlàárì tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín ẹtù kọjá, pupa yóò ṣàn wọ inú dúdú aró, ẹni tó fẹ́ ka fọ́nrán òwú láti ara àwòrán yóò sì ka ohun tí kò sí.

Síbẹ̀, JPEG ní ìwà ọmọlúàbí kan: ó máa ń bàjẹ́ ní gbangba. Ní 2013 David Kriesel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Jámánì, tú u síta pé àwọn ẹ̀rọ Xerox kan ń yí nọ́ḿbà padà nínú ìwé tí a bá fi wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀. 6 ń di 8, ìwé náà sì mọ́ tónítóní. Ìlànà JBIG2 ni wọ́n ń lò, èyí tó ń wá àwòrán tó jọra lójú ewé, tó sì ń fi ẹyọ kan rọ́pò ìyókù. Ẹ̀rọ tó lè ka 6 àti 8 sí ọ̀kan kò ní ìdí kankan láti bọ̀wọ̀ fún ìyàtọ̀ o àti ọ. Ojú ewé JPEG tó ti bàjẹ́ ṣì ń kìlọ̀ fún òǹkàwé. Èyí kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ṣòro láti sọ. TIFF ti wà láti 1986, PNG láti 1996, méjèèjì sì lè tọ́jú àwòrán láì sọ nǹkan kan nù. Àwọn ilé ìkàwé ńlá máa ń fi TIFF pamọ́ bí ojúlówó, wọ́n sì ń ṣe JPEG láti ara rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi fóònù ya ojú ewé ní ilé àkójọ ìwé kan, níbi tí iná ti lè lọ nígbàkigbà, lè má ní TIFF. Ó ní fáìlì tí kámẹ́rà kọ́kọ́ kọ, èyíinì ni ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó fi í sílẹ̀ bó ti wà, kí ó máa ti ibẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀dà tó bá fẹ́ gé tàbí tó fẹ́ mú mọ́lẹ̀, kí ó má sì fi èyí tó ti tún ṣe lé orí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ yíyí nìkan ni ó fẹ́ yí i, ètò jpegtran ti àwọn Independent JPEG Group lè yí i láì tú nọ́ḿbà rẹ̀ ká.

Fún ẹni tí àwòrán dé ọwọ́ rẹ̀ láì mọ ẹni tó ti gbà á kọjá, fáìlì fúnra rẹ̀ ṣì lè jẹ́rìí. Àtẹ tí a fi pín nọ́ḿbà gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo fáìlì JPEG, bí kò bá sí i, kò ní ṣeé ṣí. Bí ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8, 6, 5, ètò tó dá lórí iṣẹ́ Tom Lane àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ìdára 75, ni ó ṣeé ṣe kó kọ ọ́ kẹ́yìn. Ti ìkẹyìn nìkan ni àtẹ yìí ń sọ. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ bíi Jessica Fridrich àti Hany Farid ti fi hàn pé nọ́ḿbà tí a pín lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àtẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa ń fi àlàfo tó ṣe déédéé sílẹ̀ láàárín ara wọn, ìyẹn sì ṣeé kà. Ojú lásán náà lè ṣe díẹ̀: bí a bá fẹ àwòrán náà tóbi, tí a rí ojú àlà àwọn àpótí, tí a sì ka píkísẹ́lì láti igun òkè lọ́wọ́ òsì, ó yẹ kí àlà wà ní 8, 16, 24. Bí àlà bá bọ́ sí 5, 13, 21, ẹnì kan ti fi ojú ewé náà pamọ́ bí JPEG, ó gé etí rẹ̀, ó sì tún fi í pamọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.